Áàpù ìgbanisíṣẹ́ alábala lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Áàpù ìgbanisíṣẹ́ alábala ni ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí agbanisíṣẹ́ fi ń kéde àyè iṣẹ́, tí ó fi ń gba fọ́ọ̀mù, tí ó fi ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò, tí ó sì fi ń pe èèyàn sí ìdánwò àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ohun tó sọ ọ́ di alábala ni pé abala kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀ àti dátà tirẹ̀. Abala mìíràn kò gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ bọ dátà náà, àfi kí ó gba ẹnu ọ̀nà tí a là sílẹ̀ fún un. Ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, iléeṣẹ́ ìjọba, ìjọba ìbílẹ̀ 16, ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ gíga, bíi Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́-Èkìtì tí a dá sílẹ̀ ní 2011, ni irú ètò yìí lè bá iṣẹ́ wọn mu.

Bí a ṣe ń pín in

Ọ̀pọ̀ máa ń pín áàpù gẹ́gẹ́ bí ojú ìwé tí olùwáṣẹ́ ń rí ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Àṣìṣe ni. Láti 1972 ni David Parnas, onímọ̀ sọ́fítíwíà, ti ṣàlàyé pé ohun tó ṣeé ṣe kí ó yí padà ni kí a fi pín sọ́fítíwíà: ohun kọ̀ọ̀kan tó lè yí, kí a sé e mọ́ inú abala kan ṣoṣo. Nínú ìgbanisíṣẹ́, òfin ẹni tó yẹ ni ó ń yí jù. Olùkọ́ nílò ìforúkọsílẹ̀ TRCN (ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀), nọ́ọ̀sì nílò láísẹ́ńsì ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ wọn, awakọ̀ nílò láísẹ́ńsì ọkọ̀. Lọ́dún yìí agbanisíṣẹ́ lè gba kírẹ́díìtì márùn-ún tí a kó jọ nínú ìdánwò méjì. Lọ́dún tó ń bọ̀ ó lè ní ìdánwò kan ṣoṣo ni òun fẹ́. Bí òfin wọ̀nyí bá fọ́n káàkiri inú fọ́ọ̀mù, inú ojú ìwé ìyẹ̀wò àti inú ìròyìn ìparí, ìyípadà kékeré yóò di àtúnṣe níbi mẹ́wàá, a ó sì gbàgbé ibì kan.

Nítorí náà, abala tó máa ń tó ni àkáǹtì, àyè iṣẹ́, ìwé ìbéèrè iṣẹ́, ìwé ẹ̀rí, òfin ìyẹ̀wò, ìdánwò, ìfiránṣẹ́ àti àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀. Inú dátà ni kí a kọ òfin ìyẹ̀wò sí, kì í ṣe inú kóòdù, kí òfin kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà ẹ̀dà. Ìwé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan yóò gbé nọ́ńbà ẹ̀dà òfin tí a fi yẹ̀ ẹ́ wò, kí a lè dá ẹni tó bá béèrè ìdí tí wọn kò fi mú òun lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rí, kódà lẹ́yìn ọdún méjì.

Pípín sí abala kò túmọ̀ sí pípín sí sẹ́fà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé áàpù) mẹ́jọ. Fún ẹgbẹ́ oníṣẹ́ sọ́fítíwíà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, áàpù kan ṣoṣo tí a kọ́ pẹ̀lú Django tàbí Laravel (irinṣẹ́ ìkọ́ áàpù), pẹ̀lú dátábéèsì (àpò ìtọ́jú dátà) PostgreSQL kan tí abala kọ̀ọ̀kan ní schema, ìyẹn yàrá, tirẹ̀ nínú rẹ̀, ni ó sàn jù. Bí a bá tú u ká sórí sẹ́fà púpọ̀, ohun tí à ń parí nínú dátábéèsì ní ẹ̀ẹ̀kan yóò di ìránṣẹ́ tó lè sọnù lójú ọ̀nà, ẹni tí yóò sì máa wá a kiri lóru kò sí.

Ìpele ìwé ìbéèrè iṣẹ́

Ìwé ìbéèrè máa ń ti orí àkọsílẹ̀ tí kò tíì parí dé fífi ránṣẹ́, ìyẹ̀wò, pípè, ìdánwò, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, fífún ní iṣẹ́ àti gbígbà á. Ọ̀nà méjì ló yà kúrò níbẹ̀: kíkọ̀, àti kí olùwáṣẹ́ fúnra rẹ̀ yọwọ́. A gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ ìpele tó lè tẹ̀ lé ìpele wo. Ìyípadà ìpele tí a kò bá kọ síbẹ̀, kí ètò kọ̀ ọ́. Tábìlì tó ń pa ìpele àtijọ́ rẹ́ tí ó sì ń fi tuntun rọ́pò kò tó. A nílò tábìlì kejì tí a kàn ń fi kún, tí a kì í pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀: ta ni ó yí i, nígbà wo, kí ni ìdí.

Orúkọ, ìlú àti ìwé àtijọ́

Orúkọ Yorùbá ni ètò tí a gbé wá láti òkè òkun máa ń kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kọ. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ẹ, ọ àti ṣ ní kóòdù tiwọn (U+1EB9, U+1ECD, U+1E63), ṣùgbọ́n kò sí kóòdù ẹyọ kan fún ọ tó ru àmì ohùn. Ọ́ kan náà lè wọlé bí U+1ECD pẹ̀lú àmì ohùn òkè U+0301, tàbí bí ó (U+00F3) pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ U+0323. Lójú ènìyàn ọ̀kan ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, méjì ni. Kí a sọ gbogbo orúkọ di NFC, ìrísí kan ṣoṣo tí Unicode là sílẹ̀, kí a tó tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí a ní òpó méjì: ọ̀kan fún orúkọ bí onítọ̀hún ṣe kọ ọ́, èkejì fún ìwárí, láìsí àmì kankan, nítorí ó wọ́pọ̀ kí ìwé ẹ̀rí má ní àmì ohùn. Ẹni tó ń wá Segun gbọ́dọ̀ rí Ṣẹ́gun. Nọ́ńbà NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè), tó jẹ́ dígíìtì 11, àti nọ́ńbà fóònù, bí ọ̀rọ̀ ni kí a tọ́jú wọn. Tí a bá tọ́jú 080 bí iye, òdo iwájú yóò pòórá.

Èkìtì di ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1996, lẹ́yìn tí a yọ ọ́ kúrò lára Oǹdó. Ẹni tí a bí ní Ìkọ̀lé tàbí Ìjerò ṣáájú ọjọ́ náà lè ní ìwé ìbí tó sọ pé Oǹdó ni ìpínlẹ̀ rẹ̀, kò sì purọ́. Ètò tó ń fi ìwé ìbí wé fọ́ọ̀mù, tó sì ń kọ èèyàn fúnra rẹ̀, yóò rẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ. Àmì ìkìlọ̀ ni kí ó fi sí i, kí òṣìṣẹ́ wò ó. Kóòdù ni kí a fi dá ìjọba ìbílẹ̀ mọ̀, kì í ṣe orúkọ, nítorí orúkọ ń yí: Gbọnyin ti fìgbà kan rí jẹ́ Ayékírè.

Kafé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ọjọ́ ìparí

Ọ̀pọ̀ olùwáṣẹ́ ní Adó, Ìkẹ́rẹ́ tàbí Òmùò kì í fi kọ̀ǹpútà tiwọn kún fọ́ọ̀mù. Kafé ni wọ́n ń lọ. Ohun mẹ́ta ló ti ibẹ̀ wá. Èkínní, oníkafé lè fi ímeèlì tirẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún ogún èèyàn, nítorí náà nọ́ńbà fóònù olùwáṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni kí a fi kóòdù ìjẹ́rìísí ránṣẹ́ sí. Èkejì, èèyàn púpọ̀ ń bá àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń dá ìsopọ̀ mọ̀) kan jáde. Bí a bá dènà IP tó fi fọ́ọ̀mù mẹ́wàá ránṣẹ́ ní wákàtí kan, odindi kafé ni a tì mọ́ta. Àkáǹtì àti nọ́ńbà fóònù ni kí ìdíwọ̀n wà lórí. Ẹ̀kẹta, kí ètò yọ èèyàn jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 tí kò bá ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n kí ohun tó ti kọ ti wà ní ìpamọ́ ní ìparí ìpín fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, torí iná lè lọ.

Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà, èèyàn á tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó ń gbà wá ni àdéhùn inú dátábéèsì pé olùwáṣẹ́ kan àti àyè iṣẹ́ kan kò lè pàdé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àyẹ̀wò inú kóòdù nìkan kò tó, nítorí ìbéèrè méjì lè kọjá níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. Bákan náà, a kì í fi ímeèlì ránṣẹ́ nígbà tí olùwáṣẹ́ ṣì ń dúró. Inú dátábéèsì ni a ó kọ ìránṣẹ́ náà sí pọ̀ mọ́ ìwé ìbéèrè, ètò kékeré tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ yóò sì gbé e lọ lẹ́yìn náà.

Wákàtí kan ni aago Nàìjíríà fi ṣáájú UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, kì í sì í yí láàárín ọdún. Bí sẹ́fà bá ń lo UTC, tí a sì kàn kọ aago 11:59 alẹ́ sí i, ètò kò ní tì títí di 12:59 òru, ẹni tó bọ̀wọ̀ fún àkókò tí a kéde yóò sì fapá jánú. Àkókò Africa/Lagos ni kí a fi ka ọjọ́ ìparí, kí a sì tọ́jú rẹ̀ ní UTC.

Àtẹ̀jíṣẹ́ náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ (SMS) lásán gba lẹ́tà tàbí àmì 160. À, è, é, ì, ò àti ù wà nínú lẹ́tà tó mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ, ọ, ṣ àti á kò sí níbẹ̀: bí ẹyọ kan nínú wọn bá wọlé, ààyè yóò dín sí 70, owó rẹ̀ yóò sì lé ní ìlọ́po méjì bí ọ̀rọ̀ bá gùn. Ìpè kúkúrú ló dára, kí àlàyé tó kún wà lórí áàpù.

Ìjókòó ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí

Bí gbọ̀ngàn bá gba 250, tí a sì kàn ka iye tó wà nílẹ̀ kí a tó fi ẹnì kan kún un, ẹni méjì lè rí 249 lẹ́ẹ̀kan náà, a ó sì ní 251. Kí a ti ìlà gbọ̀ngàn náà pa pẹ̀lú SELECT … FOR UPDATE, àṣẹ dátábéèsì tó ń dá ìbéèrè mìíràn dúró títí a ó fi parí, kí a tó kà á.

Fáìlì ìwé ẹ̀rí kò gbọ́dọ̀ ju 2 MB lọ, kí fóònù fúnra rẹ̀ sì dín ìwọ̀n àwòrán kù kí ó tó gbé e lọ. Orúkọ tó parí sí .pdf kò tó ẹ̀rí. Inú fáìlì ni kí a wò, bóyá ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú %PDF. Ewu tó burú jù ni kí olùwáṣẹ́ yí nọ́ńbà inú àdírẹ́sì padà, kí ó sì rí ìwé ẹlòmíràn. Ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá béèrè fáìlì, kí abala ìwé ẹ̀rí béèrè bóyá tirẹ̀ ni. Lábẹ́ Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti 2023, tí dátà bá jò ní ọ̀nà tó lè pa ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn lára, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún àjọ tó ń mójú tó o láàárín wákàtí 72. Àkọsílẹ̀ ẹni tó ṣí fáìlì wo àti ìgbà tó ṣí i ni yóò jẹ́ kí ó mọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kí wákàtí náà tó pé.