Kíkó Ọmọ Tó Ní Ọ́tísíìmù Lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń sọ pé òun fẹ́ tún ètò ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n nílò àmójútó àkànṣe ṣe. Kí ìròyìn náà tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé Ìjẹ̀bú-Òde, ó ti di pé wọn kò gba ọmọ tó ní ọ́tísíìmù (autism, ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń ṣiṣẹ́, tó lè mú kí bíbá ènìyàn sọ̀rọ̀ ṣòro fún un) sí ilé-ìwé mọ́. Nígbà tí yóò fi dé Ṣàgámù, wọ́n ní wọn kì í fún un ní físà rárá. Ìbéèrè àwọn òbí tó ti ń di ẹrù ni a kó jọ síhìn-ín.

Ṣé òótọ́ ni ti físà yẹn?

Rárá. Àyẹ̀wò ikọ́ ife ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ti Nàìjíríà lọ gbé ibẹ̀ ju oṣù 6 lọ, kì í ṣe àyẹ̀wò ọ́tísíìmù. Kánádà ni òfin rẹ̀ ń ṣírò iye tí ìtọ́jú àlejò lè ná ìjọba, òun náà sì ti yọ owó ẹ̀kọ́ àkànṣe kúrò nínú ìṣirò yẹn ní 2018.

Ta ni kò lè mú ọmọ dání?

Ìwé físà òbí ni ẹ máa kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ti ọmọ. Láti oṣù Kìíní 2024, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá ṣe iṣẹ́ ìwádìí bíi ti oyè ọ̀mọ̀wé kò lè mú ọmọ lọ mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá gba ìwé iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó lẹ́yìn ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún náà. Òfin yìí kò mú dókítà àti nọ́ọ̀sì.

Ṣé ilé-ìwé ìjọba lè kọ ọmọ náà nítorí pé àlejò ni?

Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì ní gba owó ilé-ìwé.

Kí ni EHCP tí gbogbo ènìyàn ń pariwo?

Ìwé ètò ẹ̀kọ́, ìlera àti ìtọ́jú ni, tí ìjọba ìbílẹ̀ ibi tí ọmọ ń gbé kọ fún ọmọ kan ṣoṣo lábẹ́ òfin ọdún 2014, tó sì lè bá a dé ọmọ ọdún 25. Agbára rẹ̀ ni pé ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá kọ sínú rẹ̀ di dandan fún ìjọba ìbílẹ̀ náà. Òbí fúnra rẹ̀ lè kọ lẹ́tà láti béèrè fún àyẹ̀wò. Ìjọba ìbílẹ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ 6 láti sọ bóyá wọn yóò ṣe é, àti ọ̀sẹ̀ 20 lápapọ̀ láti parí ìwé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀sẹ̀ wọn máa ń gùn ju tiwa lọ. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ní ọ́tísíìmù ló nílò rẹ̀: gbogbo ilé-ìwé ìjọba ló ní olùkọ́ kan tí wọ́n ń pè ní SENCO, tó gbọ́dọ̀ ṣètò ìrànlọ́wọ́ láìdúró de ìwé kankan. Ẹni tó bá ń lọ sí Scotland tàbí Wales yóò bá òfin mìíràn níbẹ̀.

Kò sí dókítà tó tíì kọ ọ́ fún wa pé ọ́tísíìmù ni. Ṣé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́?

Kò bàjẹ́, nítorí ohun tí ọmọ nílò ni òfin náà ń wò, kì í ṣe orúkọ tí a fún un. Ṣùgbọ́n bí àyè bá wà, ẹ gbé ọmọ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé ní ilé-ìwòsàn ńlá ti Fásitì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Ṣàgámù, tàbí sí ilé-ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta, nítorí pé dídúró de irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè ju ọdún kan lọ.

Ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ fúnra yín. "Olórí kunkun ni" kò lè ran olùkọ́ kankan lọ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ pé nígbà tí ìbọn ń dún ní Ojúde Ọba, ó di etí méjèèjì, ó sá wọ abẹ́ mọ́tò, ó sì tó wákàtí méjì kó tó sọ̀rọ̀. Pé gàrí omi tútù nìkan ló ń jẹ ní ọ̀sán, tí kò sì ní fọwọ́ kan oúnjẹ tí ọbẹ̀ bá ti kàn. Inú irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ni SENCO ti máa mọ̀ pé ọmọ yìí nílò yàrá tó dákẹ́ àti àwo oúnjẹ ọ̀tọ̀.

Yorùbá ló ń sọ jù. Ṣé kí a pa á tì?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kò fi hàn pé èdè méjì ń pa ọmọ tó ní ọ́tísíìmù lára, ọmọ tí kò sì rọrùn fún láti bá ènìyàn sọ̀rọ̀ kò yẹ kó pàdánù èdè tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ń bá a ṣeré. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni pé òfin 2014 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ ka ọmọ sí ẹni tó ní ìṣòro ẹ̀kọ́ nítorí èdè ilé rẹ̀ nìkan. Èyí dára, àmọ́ àwọn kan lè fi ṣe àwáwí pé "yóò yanjú bó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì." Nítorí náà, ẹ sọ ọ́ yékéyéké pé bó ṣe ń ṣe yìí ló ń ṣe nínú Yorùbá pẹ̀lú.

Wọ́n ní ìjọba ń san owó fún òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rù. Owó kan wà tí wọ́n ń pè ní DLA, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé ìgbélùú ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tó ni ín kò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba, DLA sì wà lára rẹ̀. Gbígbà á lè ba ìwé gbogbo ẹbí jẹ́. Ilé-ìwé àti EHCP kò sí nínú èèwọ̀ yẹn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò ìwọ̀lú, kì í ṣe lọ́wọ́ ará ìlú yín tó ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́.

Ṣé kí a má tíì sọ fún ilé-ìwé títí ọmọ yóò fi wọlé?

A mọ ibi tí ìbéèrè yìí ti wá: nílé, àṣírí ọmọ ni àṣírí ẹbí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀hún, ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún olùkọ́ ni wọ́n máa ń rí bí oníwàhálà, tí wọ́n sì lè lé padà sílé.

Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá kọ̀ ńkọ́?

Ilé ẹjọ́ àkànṣe wà fún un, oṣù méjì péré ni ẹ sì ní láti ọjọ́ orí lẹ́tà wọn. Ilé ẹjọ́ náà kì í gba owó. Ẹgbẹ́ IPSEA máa ń gba òbí nímọ̀ràn òfin lọ́fẹ̀ẹ́.

Àtúnṣe tí ìjọba ń sọ kò ní ba èyí jẹ́?

Àbá kì í ṣe òfin. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nìkan ló lè yí òfin 2014 padà.

Kí ni kí a dì?

Ìwé dókítà, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára, èsì ìdánwò, lẹ́tà olùkọ́ tó mọ ọmọ náà dáadáa, àti àkọsílẹ̀ tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ, gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì àti pẹ̀lú ẹ̀dà. Inú báàgì tí ẹ máa gbé dání ni kí ó wà, kì í ṣe inú àpótí tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ bàálù.