Kí Ẹ Tó So Káàdì Gíráfíìkì Mọ́ Laptop, Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ Sọ́kẹ́ẹ̀tì Yín Wò

Tí ọdún Ọ̀ṣun bá ti ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn tó ń ya fídíò ní Òṣogbo á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá sọ́dọ̀ mi. Iṣẹ́ á ti pọ̀ lọ́wọ́ wọn, fídíò 4K á ti wọ laptop lọ́rùn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì máa ń gbé wá: "Ọ̀gá, wọ́n ní èèyàn lè so káàdì gíráfíìkì ti desktop mọ́ laptop láti ìta. Ẹ bá mi so ó." Káàdì gíráfíìkì ni ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ àwòrán. Àwọn ọmọ Uniosun tó ń gbá géèmù náà ń béèrè irú ìsopọ̀ yìí. Ó ṣeé ṣe, iṣẹ́ mi ni, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ wọn á ti ra káàdì kí wọ́n tó wá gba ìmọ̀ràn, àwọn mìíràn á sì ti jó laptop kí wọ́n tó rántí pé ẹnì kan wà tó yẹ kí wọ́n bi.

Mi ò ní pẹ́ lórí ihò tí wọ́n ń so ó mọ́. Bí laptop yín bá ní Thunderbolt 3 tàbí 4, ìyẹn ihò tí ìsọfúnni ń yára gbà kọjá, ọ̀nà tó rọrùn jù nìyẹn: ẹ ó ra àpótí tó ń gbé káàdì, ẹ ó ki káàdì bọ inú rẹ̀, wáyà kan ṣoṣo ni yóò sì so ó pọ̀ mọ́ laptop. Ẹ má kàn rí ihò USB-C kí ẹ ní ẹ ti rí Thunderbolt. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n, iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ẹ wá àmì mànàmáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì tún wo àlàyé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe laptop náà kọ nípa rẹ̀, torí àwọn kan máa ń ya mànàmáná sí ẹ̀gbẹ́ ihò tí wọ́n fi ń ṣáájì lásán. Bí kò bá ní Thunderbolt, a lè tú ìdí laptop, ká yọ SSD M.2, ìyẹn ibi tí laptop ń kó nǹkan pamọ́ sí, tàbí káàdì Wi-Fi kúrò, ká sì gba ihò yẹn so adápítà tó máa gbé káàdì. Ti SSD dára ju ti Wi-Fi lọ. Ẹni tí Windows rẹ̀ wà lórí SSD kan ṣoṣo tó ní, kí ó kọ́kọ́ wá ibòmíràn gbé Windows sí.

Ẹ má retí pé yóò yá bíi ti desktop. Nínú desktop, ọ̀nà mẹ́rìndínlógún ni káàdì ń gbà bá processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, sọ̀rọ̀. Nínú Thunderbolt tàbí ihò SSD, mẹ́rin péré ni. Lórí ìran kẹta PCIe, bí wọ́n ṣe ń pe irú ọ̀nà yẹn, 128 gígábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló di 32, Thunderbolt 3 kì í sì í jẹ́ kí 32 náà pé. Bí ẹ bá tún ń wo géèmù lójú laptop fúnra rẹ̀, àwòrán á tún padà gba ọ̀nà tóóró yẹn. Ẹ so monitor mọ́ ara káàdì ní tààrà. Fún render fídíò, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà sọ fídíò tí ẹ ti gé tò di fáìlì kan, ìyàtọ̀ náà kì í dunni tó ti géèmù.

Àwọn tó ní MacBook M1, èyí tó jáde ní 2020, àti àwọn tó tẹ̀lé e, ẹ fi owó yín sápò. Apple kò fi àyè sílẹ̀ fún káàdì gíráfíìkì ìta lórí wọn. Ohun kékeré tí wọ́n ń tà pé ó ń sọ USB di HDMI náà kì í ṣe káàdì gíráfíìkì. Ńṣe ló ń gbé àwòrán lọ sí monitor kejì. Ẹni tó bá tà á fún yín pé ó máa mú render yá ti rẹ́ yín jẹ.

Ó wá ku iná, òun gan-an ló mú mi kọ̀wé.

RTX 3060, káàdì tí ọ̀pọ̀ ń béèrè, ń jẹ tó 170 wáàtì. Ihò tí a ki káàdì bọ̀ kò lè fún un ju 75 lọ. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ń fún un ní 75, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ń fún un ní 150. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ ní páwà páàkì tirẹ̀, ìyẹn àpótí irin tó máa ń fún inú desktop ní iná. Ṣájà laptop kò sí nínú ìṣirò yìí rárá. Ọ̀pọ̀ èèyàn á lọ ra páwà páàkì tokunbọ̀, á rí wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ méjì lára rẹ̀, á sì mú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà. Ọ̀kan nínú méjèèjì, ti processor ni. Ẹnu rẹ̀ kò bá ti káàdì mu, àmọ́ mo ti rí àwọn tó fi ọ̀bẹ gé ike ẹnu rẹ̀ títí tó fi wọlé. Ìkọ́ kékeré kan wà lára púlọ́ọ̀gì náà tó máa ń dún kọ́ nígbà tó bá wọlé. Ẹ wo àwọn wáyà tó wà ní ìhà ìkọ́ yẹn. Bí wọ́n bá jẹ́ dúdú, ti káàdì ni. Bí wọ́n bá jẹ́ yẹ́lò, ti processor ni, fólítì 12 sì wà níbi tí káàdì ti ń retí òdo. Ẹni tó bá fi agbára kì í bọ̀ ọ́ kò ní rí káàdì yẹn lò mọ́. Lára páwà páàkì tí gbogbo wáyà rẹ̀ dúdú, ohun tí wọ́n kọ sára púlọ́ọ̀gì ni kí ẹ kà, kí ẹ má ṣe fojú díwọ̀n.

Àmọ́ wáyà earth ló ń pa laptop jù nílùú yìí, ìyẹn wáyà aláwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò, tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń kà á sí.

Nínú ọ̀pọ̀ páwà páàkì, kápásítọ̀ kékeré méjì, ìyẹn ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná díẹ̀, wà lẹ́nu ibi tí iná ń gbà wọlé. Ọ̀kan so láìfù, wáyà tó ń gbé iná wá, mọ́ ara irin páwà páàkì, èkejì so níútírà, wáyà tó ń dá iná padà, mọ́ ọn. Iṣẹ́ wọn ni láti da ariwo iná, ìyẹn iná tó ń gbọ̀n ségesège, sínú ilẹ̀. Bí wáyà earth bá wà, ariwo yẹn á bá a lọ. Bí kò bá sí, ara irin náà á dúró sí àárín láìfù àti níútírà: bí iná bá jẹ́ 230, nǹkan bíi 115 fólítì á wà lára irin tí ẹ ń fọwọ́ kàn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń sọ pé "ó ń gbé mi díẹ̀díẹ̀." Iná tó ń gba ibẹ̀ kéré, kì í sábà ṣe èèyàn léṣe. Àmọ́ chip, ẹ̀yà kékeré tó wà lẹ́yìn ihò Thunderbolt, kò lè gbà á. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ki wáyà bọ laptop nígbà tí gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́, fólítì yẹn á wá ọ̀nà gba orí ẹsẹ̀ tín-ín-rín inú ihò náà kọjá, ihò náà á sì kú.

Ọmọkùnrin kan tó ń ya fídíò òde wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Laptop méjì ló ti jó mọ́ ọn lọ́wọ́, lára káàdì kan náà. Ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe ti fi ẹ̀rọ atẹ́gùn gbígbóná sun bọ́ọ̀dù èkejì, ó gba owó, kò sì tún nǹkan kan ṣe. Wòlíì kan ti fún wọn ní òróró. Ọmọ náà dákẹ́, ìyá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, ayé ló ń bá ọmọ mi jà. Tó bá ti fọwọ́ kan nǹkan yẹn, ó máa ń ní ohun kan ń ta òun lọ́wọ́. Kò sẹ́lòmíì tó ń ṣe nínú ilé."

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣé ó ń wọ bàtà nínú ilé?"

"Rárá, ẹsẹ̀ lásán ló máa ń fi jókòó síbẹ̀."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Sílípáàsì."

Ó yé mi: ẹsẹ̀ lásán ń jẹ́ kí iná gba ara rẹ̀ lọ sílẹ̀, sílípáàsì sì ń dí i fún àwọn yòókù. Mo ní kí ọmọ náà lọ mú extension tó ń lò wá. Nígbà tó dé, mo fi sukudíráfà tú u lójú ìyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ike ni. Nínú àpótí rẹ̀, pẹlẹbẹ irin méjì ló wà fún ihò méjì ìsàlẹ̀, wáyà méjì sì ló wọlé. Ihò òkè ṣófo láti ẹ̀yìn wá. Mo fi extension yẹn tan páwà páàkì rẹ̀, mo fi ẹnu mítà kan ara irin rẹ̀ àti ọ̀pá earth ṣọ́ọ̀bù mi: ó lé ní 100 fólítì. Mo yọ ọ́, mo kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì mi tó ní earth gidi: mítà bọ́ sí òdo. Ìyá náà ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Ó ní, "Ilé tí à ń gbé ńkọ́?" Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo oníbàárà mi máa bi mí nìyẹn. Nígbà tí oníná yẹ ilé wọn wò, kò sí ọ̀pá earth kankan nídìí mítà. Ó ri ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀, ó fa wáyà wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Orí káàdì kan náà, tí wọ́n ti ń da òróró sí, ni ọmọ yẹn ṣe gbogbo fídíò ọdún Ọ̀ṣun tó tẹ̀lé e.

Mo bọ̀wọ̀ fún àdúrà. Àmọ́ òróró kò lè rọ́pò wáyà, owó laptop méjì sì ti lọ.

Àwọn oníná kan wà tí mo ní láti kìlọ̀ nípa wọn. Bí ẹ bá ní kí wọ́n ṣe earth, wọn ò ní ri ọ̀pá kankan. Wọ́n á fa wáyà kékeré láti ihò níútírà lọ sí ihò earth nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní ó ti parí. Ìwà ọ̀daràn ni. Lọ́jọ́ tí níútírà bá já, tàbí tí wọ́n bá ṣi láìfù àti níútírà so lórí òpó, gbogbo ara irin tó wà nínú ilé yín ló máa gbé 230 fólítì: fìríìjì, áyọ́ọ̀nù, àpótí káàdì. Ìyẹn kì í ta èèyàn lọ́wọ́, ó ń pa èèyàn ni. Ẹ ní kí oníná yín fi ọ̀pá náà hàn yín níbi tó ti wọlẹ̀. Ẹ sì yé fi bíírò ṣí ihò òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì kí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé. Ihò earth ni ẹ ń fi bíírò ṣí yẹn, púlọ́ọ̀gì tó bá sì wọ ibẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní earth.

Bí ẹ bá ti rí earth gidi, ẹ so laptop, monitor àti páwà páàkì mọ́ extension kan náà. Ẹ pa gbogbo wọn kí ẹ tó fi wáyà káàdì kọ́ra. Ẹ kọ́kọ́ tan páwà páàkì, lẹ́yìn náà laptop. Ẹ má fà á yọ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá ń gbé laptop bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi fún iṣẹ́ yìí, kí ó mú ṣájà rẹ̀ àti extension tó ń lò nílé dání. Mi ò ní fọwọ́ kan káàdì títí n ó fi tú extension náà wò.