Bí Oògùn Àfikún Ṣe Ń Jẹ́ Kí Abẹ́rẹ́ Ẹ̀yìn Pa Ìrora Pẹ́ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Bí iṣẹ́ abẹ bá jẹ mọ́ ìsàlẹ̀ ikùn tàbí ẹsẹ̀, pàápàá iṣẹ́ abẹ ìgbẹ̀bí, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń lò dípò kí wọ́n kun aláìsàn lóorun. Dókítà á ti abẹ́rẹ́ tínrín gba àárín eegun ẹ̀yìn, nísàlẹ̀ ibi tí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn parí sí, á sì fún ìwọ̀nba oògùn bupivacaine sínú omi tó wà níbẹ̀. Oògùn náà á dí ojú ihò tíntìntín tí èròjà sodium ń gbà wọnú iṣan ìmọ̀lára, iṣẹ́ tí ìrora ń rán sí ọpọlọ kò sì ní lè kọjá mọ́.

Àmọ́ lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 2 sí 3, agbára rẹ̀ á máa tán nígbà tí ọgbẹ́ ṣì tutù. Bí wọ́n bá kàn fi kún bupivacaine náà, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ gan-an, ẹsẹ̀ á sì pẹ́ kó tó ṣeé gbé. Ohun tó dára jù ni láti po oògùn mìíràn mọ́ ọn, èyí tó ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ bá ìrora jà.

Morphine àti fentanyl, tí wọ́n jẹ́ oògùn apàrora alágbára, ni wọ́n ń pò mọ́ ọn jù. Àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ ní apá ẹ̀yìn mùdùnmúdùn náà, níbi tí iṣan tó gbé ìrora wá ti ń fi iṣẹ́ lé iṣan mìíràn lọ́wọ́. Ọ̀rá ni fentanyl fẹ́ràn; nítorí náà, ó ń tètè wọnú iṣan, ó sì ń tètè kúrò, tí agbára rẹ̀ kì í fi í ju wákàtí díẹ̀ lọ. Omi ni morphine fẹ́ràn ní tirẹ̀, á sì dúró pẹ́ nínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn débi pé máíkírógíráàmù 100 sí 150 péré, tí kò tó ìdá márùn-ún mìlígíráàmù kan, lè dẹ ìrora fún bíi wákàtí 18 sí 24.

Ìwà yìí kan náà ló fa ewu rẹ̀. Bí omi náà ti ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀ ni morphine ń bá a lọ, ó sì lè dé apá ọpọlọ tó ń darí èémí ní ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí aláìsàn ti kúrò ní yàrá iṣẹ́ abẹ, kí èémí rẹ̀ sì wá lọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá lo ìwọ̀n kékeré, kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè pani, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi morphine kún abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn níbi tí kò bá sí nọ́ọ̀sì tí yóò máa ka èémí aláìsàn tọ̀sán-tòru, tàbí níbi tí naloxone, oògùn tó ń gba agbára lọ́wọ́ morphine, kò bá sí nítòsí. Ara yíyún, èébì àti àìlètọ̀ wọ́pọ̀ jù ú lọ.

Clonidine àti dexmedetomidine, àwọn oògùn àfikún mìíràn, kì í fa ara yíyún, wọ́n sì ń mú kí kíkú ara pẹ́ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n lè mú kí ìfúnpá wálẹ̀, kí ọkàn máa lù díẹ̀díẹ̀, kí oorun sì máa kun èèyàn.

Èyíkéyìí tí wọ́n bá yàn, èyí tí kò ní èròjà amóògùn-má-bàjẹ́ nínú ni kí wọ́n lò, torí irú èròjà bẹ́ẹ̀ lè ba iṣan jẹ́. Kí wọ́n sì kọ orúkọ oògùn, ìwọ̀n àti àkókò tí wọ́n fún un sínú ìwé aláìsàn, kí nọ́ọ̀sì tó bá gbaṣẹ́ lálẹ́ má baà fún un ní oògùn oorun tàbí morphine mìíràn lé e.