Owó Ìrànwọ́ SSI ní Amẹ́ríkà àti Ìlàkàkà láti Dá A Padà Sípò

SSI ni wọ́n ń pe Supplemental Security Income, owó tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń san lóṣooṣù fún arúgbó tó ti pé ẹni ọdún 65, fún afọ́jú àti fún aláàbọ̀ ara, lọ́mọdé lágbà, tí apá wọn kò ká bùkátà. Kì í ṣe owó ìfẹ̀yìntì. Inú owó orí gbogboogbò ni wọ́n ti ń mú un, nítorí náà ẹni tí kò ṣiṣẹ́ oṣù rí lè gbà á bó bá jẹ́ tálákà. Àjọ Social Security ló ń bójú tó o. Ní 2024, àwọn tó ń gbà á lé ní mílíọ̀nù méje.

Ìbẹ̀rẹ̀

Kí SSI tó dé, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. Láti 1935 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń fún àwọn ìpínlẹ̀ lówó kún owó tí wọ́n fi ń ran arúgbó àti afọ́jú lọ́wọ́. Ní 1950 ni wọ́n fi aláàbọ̀ ara kún un. Ohun tí ìpínlẹ̀ kan ń san lè ju ti èkejì lọ ní ìlọ́po, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì máa ń gbẹ́sẹ̀ lé ilé ẹni tí wọ́n ràn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá 1972, Ààrẹ Richard Nixon buwọ́ lu òfin tó sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan. Oṣù Kìíní 1974 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san án: dọ́là 140 fún ẹni kan, 210 fún tọkọtaya. Láti 1975, bí ọjà bá ti ń wọ́n ni owó náà ń lé sí i. Ní 2025 ó di 967 fún ẹni kan àti 1,450 fún tọkọtaya.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀

Owó náà ń gòkè, àwọn òdiwọ̀n tó yí i ká kò gòkè. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìṣòro SSI ti ṣẹ̀ wá. Òfin ní kí wọ́n gbójú fo dọ́là 20 àkọ́kọ́ nínú owó yòówù tó bá wọlé fún ènìyàn lóṣù, àti 65 àkọ́kọ́ nínú owó iṣẹ́, pẹ̀lú ìdajì ohun tó bá kù nínú owó iṣẹ́ náà. Iye tó wà nílẹ̀ ní 1974 náà nìyẹn, wọn kò sì tíì yí i padà. Ká ní ìyá àgbà kan ń gba dọ́là 300 owó ìfẹ̀yìntì lóṣù ní 2025. Wọn yóò fi 20 sílẹ̀, wọn yóò yọ 280 kúrò nínú 967, SSI rẹ̀ yóò sì ku 687. Àpapọ̀ owó rẹ̀ yóò jẹ́ 987. Gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́ kò mú un ju ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rí lọ, àfi dọ́là 20 péré.

Ti owó ìfipamọ́ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1974, ẹni tí ohun ìní rẹ̀ bá ju dọ́là 1,500 lọ kò lè gbà á. Wọ́n sún un sókè díẹ̀díẹ̀ láti 1985 títí ó fi dé 2,000 ní 1989, 3,000 fún tọkọtaya, ibẹ̀ ló sì dúró sí. Wọn kì í ka ilé tí ènìyàn ń gbé tàbí ọkọ̀ kan ṣoṣo mọ́ ọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń ka owó tó wà ní báńkì. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni wọ́n ń wò: bí owó náà bá fi dọ́là kan ṣoṣo kọjá 2,000, owó oṣù yẹn kò tọ́ sí i mọ́, bí wọ́n bá sì ti san án, wọ́n lè ní kó dá a padà. Òfin tí wọ́n ṣe kí òṣì má bàa pa arúgbó ló tún ń dí i lọ́wọ́ kó má lè fi owó pamọ́ de ọjọ́ àìsàn.

Ìgbéyàwó náà ń dín in kù. Ẹni méjì tó ń dá gbé yóò gba 1,934 lápapọ̀ ní 2025. Bí wọ́n bá fẹ́ ara wọn, 1,450 ni. Bákan náà, ẹni tó bá ń gbé ilé ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́ lè pàdánù tó ìdámẹ́ta owó rẹ̀. Fún àádọ́ta ọdún, oúnjẹ pàápàá wà nínú ìṣirò yìí, bí ẹni pé ọbẹ̀ tí ọmọ gbé fún ìyá rẹ̀ jẹ́ owó tó wọlé fún ìyá. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2024 ni àjọ náà tó yọ oúnjẹ kúrò níbẹ̀.

Òfin 1996 àti àwọn tí wọ́n dá padà sínú SSI

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ 1996, Ààrẹ Bill Clinton buwọ́ lu òfin tó yọ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kúrò nínú SSI, títí kan àwọn tó ti ń gbà á tẹ́lẹ̀ tí ìwé ìgbélùú wọn sì pé. Ariwo ta. Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n fi tún un ṣe: òfin ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ 1997 ní kí ẹni tó ti ń gbà á ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ 1996 máa gbà á lọ, kí ẹni tó sì ń gbé ìlú lọ́nà òfin lọ́jọ́ náà lè gbà á bó bá di aláàbọ̀ ara lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹni tó kàn darúgbó lẹ́yìn ọjọ́ yẹn láìní àléébù ara kò sí nínú àtúnṣe yìí.

Àwọn asásàálà lè gbà á fún ọdún méje. Ní 2008, òfin mìíràn fi ọdún méjì kún un fún àwọn arúgbó àti aláàbọ̀ ara inú wọn, ṣùgbọ́n ó parí ní oṣù Kẹsàn-án 2011.

Ẹni tó bá dé lẹ́yìn 1996 pẹ̀lú gíríìn káàdì ní láti gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún, kó sì ní ìdámẹ́rin-ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí í ṣe ọdún mẹ́wàá. Wọ́n lè ka iṣẹ́ ọkọ tàbí aya mọ́ ọn, ṣùgbọ́n wọn kì í ka iṣẹ́ tí ọmọ ṣe fún òbí rẹ̀. Òfin yìí kan àwọn bàbá àti ìyá tí àwọn ọmọ Yorùbá mú lọ sí Houston tàbí Maryland lọ́jọ́ ogbó. Fún wọn, ọ̀nà tó sún mọ́ jù ni kí wọ́n di ọmọ orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn náà pẹ̀lú, ẹni tó bá wá sílé fún ọgbọ̀n ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbáà ṣe ìsìnkú ló wá ṣe, wọn yóò dá SSI rẹ̀ dúró títí yóò fi padà, tí yóò sì lo ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko ní Amẹ́ríkà.

Àwọn erékùṣù

Àwọn tó ń gbé Puerto Rico, Guam, erékùṣù Virgin ti Amẹ́ríkà àti Samoa ti Amẹ́ríkà kò ní ẹ̀tọ́ sí SSI, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Ọkùnrin kan tó ń gbà á ní New York kó lọ sí Puerto Rico. Ìjọba ní kó dá owó tó lé ní dọ́là 28,000 padà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin 2022, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ìjọba láre, adájọ́ mẹ́jọ sí ọ̀kan. Adájọ́ Sonia Sotomayor, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Puerto Rico, nìkan ló ta ko ìdájọ́ náà.

Àwọn àbá òfin

Aṣòfin Raúl Grijalva láti Arizona gbé àbá òfin láti dá SSI padà sípò síwájú ilé léraléra. Ní 2021, Sherrod Brown láti Ohio gbé irú rẹ̀ wá sí Ilé Aṣòfin Àgbà. Ó fẹ́ kí owó náà tó òdiwọ̀n òṣì tí ìjọba là sílẹ̀, kí owó ìfipamọ́ lè tó 10,000 fún ẹni kan àti 20,000 fún tọkọtaya, kí wọ́n fòpin sí ìjìyà orí ìgbéyàwó, kí àwọn erékùṣù sì wọlé. Joe Biden ti ṣèlérí ní 2020 pé òun yóò gbé owó náà dé òdiwọ̀n òṣì. Àbá náà kò di òfin. Ní 2023, Brown àti Bill Cassidy láti Louisiana, tí ẹgbẹ́ òṣèlú wọn yàtọ̀, gbé ti owó ìfipamọ́ nìkan wá. Òun náà kò já sí òfin.

Ohun tó rọ àwọn kan lọ́rùn ni ABLE, àkáǹtì ìfipamọ́ owó fún aláàbọ̀ ara, tí òfin 2014 dá sílẹ̀. Dọ́là 100,000 àkọ́kọ́ inú rẹ̀ kì í dí SSI lọ́wọ́. Ẹni tí àléébù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ọdún 26 nìkan ló wà fún, kí wọ́n tó gbé e dé 46 láti oṣù Kìíní 2026. Ẹni tí àrùn rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ bá kọlù ní ẹni ọgọ́ta ọdún kò lè ṣí i. 2,000 náà ni òdiwọ̀n tirẹ̀.