Iṣẹ́ abẹ àdíbọ́n lórí orúnkún: báwo ló ṣe bá ti gidi dọ́gba?

Bí orúnkún àgbàlagbà bá ń dùn ún débi pé kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, tí dókítà sì fi àwòrán hàn án pé nǹkan ti ya níbẹ̀, ta ni kò ní rò pé kí wọ́n kúkú ṣí i, kí wọ́n tún un ṣe? Àwọn dókítà eegun fúnra wọn gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí àwọn kan nínú wọn tó dán an wò. Ohun tí wọ́n rí ṣì ń ya èèyàn lẹ́nu.

Irú iṣẹ́ abẹ wo gan-an lẹ ń sọ?

Èyí tí wọ́n ń fi kámẹ́rà ṣe ni, tí wọ́n ń pè ní arthroscopy. Dókítà á dá ojú kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ orúnkún, á ti kámẹ́rà tín-ín-rín wọlé, á máa wo inú oríkèé náà lójú tẹlifíṣọ̀n. Á fi omi fọ inú rẹ̀, á fá ibi tí kò bá dán mọ́, á sì gé etí ohun rírọ̀ tó bá ti fàya. Meniscus ni wọ́n ń pe ohun rírọ̀ yìí. Méjì ló wà nínú orúnkún kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ́ sáàrin eegun itan àti eegun ojúgun bíi tìmùtìmù. Ní nǹkan bí ọdún 2000, irú iṣẹ́ abẹ yìí tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà fún làkúrègbé orúnkún lé ní 650,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń náni ní nǹkan bí 5,000 dọ́là.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń ṣe iṣẹ́ abẹ àdíbọ́n fún èèyàn?

Bruce Moseley, dókítà eegun ní Houston, Texas, tó tún jẹ́ dókítà ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì Houston Rockets nígbà náà, ló ṣe gbogbo iṣẹ́ abẹ náà. Ní ilé ìwòsàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó 180 èèyàn tí làkúrègbé ń bá orúnkún wọn jà jọ, wọ́n sì ṣẹ́ kèké lé wọn lórí. Wọ́n fọ inú orúnkún àwọn kan. Wọ́n fọ ti àwọn mìíràn, wọ́n sì fá a. Àwọn tó kù, awọ ara nìkan ni wọ́n là.

Aláìsàn á ti wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ kí Moseley tó ṣí àpò ìwé tó máa sọ ohun tí kèké mú. Bó bá jẹ́ ti àdíbọ́n, á la ojú mẹ́ta sí awọ ara, á máa béèrè gbogbo irinṣẹ́ bó ṣe máa ń béèrè wọn, á máa yí ẹsẹ̀ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n á sì máa ta omi kó lè dún bí ìgbà tí wọ́n ń fọ orúnkún. Irinṣẹ́ kankan kò wọ inú oríkèé. Wọ́n á pẹ́ lórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pẹ́ lórí ti gidi, aláìsàn á sun ọsibítù mọ́jú, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ kò sì ní mọ èyí tí wọ́n ṣe.

Ọdún méjì ni wọ́n fi tọpa wọn, èsì rẹ̀ sì jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine lọ́dún 2002. Lórí òṣùwọ̀n ìrora láti 0 dé 100, lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn tí wọ́n fọ ti wọn wà ní 53.7, àwọn tí wọ́n fá ti wọn wà ní 51.4, àwọn ti àdíbọ́n wà ní 51.6. Kò sígbà kankan láàrin ọdún méjì náà tí ti gidi dín ìrora kù ju ti àdíbọ́n lọ.

Ṣé ìyẹn kì í ṣe ẹ̀tàn?

Wọ́n ti sọ fún wọn ṣáájú. Oníkálukú ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú fáìlì pé òun mọ̀ pé ó lè jẹ́ ti àdíbọ́n ni wọ́n máa ṣe fún òun, àti pé kò ní ṣe làkúrègbé òun láǹfààní. Nínú 324 èèyàn tó kúnjú òṣùwọ̀n, 144 kọ̀, ẹ̀tọ́ wọn sì ni.

Èyí tó ń dùn mí níbẹ̀ yàtọ̀. Oògùn tuntun kò lè dé ọjà ní Amẹ́ríkà láìjẹ́ pé wọ́n ti dán an wò lára èèyàn, lọ́pọ̀ ìgbà ní ẹ̀gbẹ́ oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Kò sí òfin tó ń béèrè irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ. Àìmọye èèyàn ni wọ́n ti là lórúnkún kí ẹnikẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

Bóyá orúnkún tiwọn ti gbó jù ni. Ẹni tí meniscus rẹ̀ ya ńkọ́?

Àwọn ará Finland bi ara wọn bẹ́ẹ̀. Ní ọsibítù 5, wọ́n mú 146 èèyàn tó wà láàrin ọmọ ọdún 35 sí 65, tí meniscus wọn ti gbó tó sì ya, ṣùgbọ́n tí làkúrègbé kò tíì wọ orúnkún wọn. Kámẹ́rà wọlé fún gbogbo wọn lọ́tẹ̀ yìí. Fún àwọn ti àdíbọ́n, dókítà yọ abẹ kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ ìfá, ó wá ń tì í mọ́ orí orúnkún láti ìta. Lẹ́yìn ọdún kan, ìrora ti dín kù ní ìhà méjèèjì, bákan náà ló sì ṣe dín kù. Ọdún 2013 ni èsì yìí jáde. Ti èjìká náà tẹ̀ lé e: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàrin 313 èèyàn, fífá eegun èjìká kò sàn ju kí wọ́n kàn fi kámẹ́rà wo inú rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n wọ́n rí ibi tó ya nínú àwòrán!

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ní Framingham, Massachusetts, àwọn olùwádìí ya àwòrán MRI orúnkún 991 ará ìlú tí wọ́n ti tó ọmọ ọdún 50 sókè. Wọn kò wá aláìsàn lọ. Ẹni tí wọ́n bá ṣáà ti bá ni wọ́n mú. Nínú àwọn tí meniscus wọn ya, 61 nínú 100 sọ pé orúnkún àwọn kò dun àwọn rárá lóṣù tó kọjá. Meniscus máa ń ya bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, bí irun ṣe ń funfun. Tí ẹni tí orúnkún ń dùn bá wá lọ ya àwòrán, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí ibi tó ya, kí gbogbo èèyàn sì gbà pé ibẹ̀ ni ìrora ti ń wá, nígbà tó jẹ́ pé ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ láìdá ẹnikẹ́ni lágara.

Kí ló wá jẹ́ kí ara wọn yá?

Ìrora orúnkún máa ń lọ, ó máa ń bọ̀. Ìgbà tó bá le jù lèèyàn ń sáré lọ bá dókítà, bí wọn ò tiẹ̀ ṣe nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kó rọlẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìrètí náà ń ṣiṣẹ́: ẹni tó gbà pé wọ́n ti tún òun ṣe kò ní fojú tó fi ń wo ìrora tẹ́lẹ̀ wò ó mọ́. Nínú ìwádìí èjìká ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan wà tí wọn kò là rárá. Àwọn tí wọ́n là, ti gidi àti ti àdíbọ́n, sàn jù wọ́n lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré débi pé aláìsàn fúnra rẹ̀ lè má mọ̀ ọ́n lára.

Ìyá mi ti lé lọ́mọ ọdún 60, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ṣé kí wọ́n má ṣe iṣẹ́ abẹ kankan?

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Orúnkún tó bá wú, tó pọ́n, tí ibà sì tẹ̀ lé e, ọsibítù ni kí ẹ gbé wọn lọ kíákíá. Orúnkún tó há, tí kò ṣeé nà mọ́, àti ti ọ̀dọ́ tó fi bọ́ọ̀lù ṣèṣe yàtọ̀ sí èyí tó gbó. Pípààrọ̀ orúnkún pátápátá náà yàtọ̀: ní Denmark, láàrin 100 èèyàn, ara àwọn tí wọ́n pààrọ̀ tiwọn yá gan-an ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú láìsí abẹ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣòro ńlá tó bá wọn jẹ́ 24, ti àwọn yòókù sì jẹ́ 6.

Èyí tí wọ́n ń fi kámẹ́rà fá ni ìgbìmọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ kó jọ ní 2017 sọ pé kí wọ́n má ṣe fún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹni tí orúnkún rẹ̀ ti gbó. Ní Norway, 140 èèyàn ni wọ́n pín sí méjì: wọ́n gé etí meniscus tó ya fún ìdajì wọn, ìdajì yòókù ṣe eré ìdárayá fún ọ̀sẹ̀ 12 lọ́dọ̀ àwọn físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara. Lẹ́yìn ọdún méjì, wọn kò ju ara wọn lọ, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta, iṣan itan àwọn tó ṣe eré ìdárayá ti lágbára jù. Tí dókítà bá dárúkọ kámẹ́rà, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá orúnkún ìyá há ni, àbí ó kàn ń dùn wọ́n. Tó bá jẹ́ pé ó kàn ń dùn wọ́n, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ darí ìyá sí ọ̀dọ̀ físíò.