Bí a ṣe ń dá ìkànnì tó ń jí iṣẹ́ oníṣẹ́ mọ̀

Ọ̀pọ̀ ìkànnì tó ń jí àpilẹ̀kọ gbé kì í fọwọ́ ara wọn ṣe é. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń dẹ sí RSS ìkànnì ẹlòmíràn, ìyẹn fáìlì tí ìkànnì fi ń kéde àpilẹ̀kọ tuntun rẹ̀. Bí àpilẹ̀kọ tuntun bá ti jáde báyìí, ẹ̀rọ á gbé e, á yọ orúkọ òǹkọ̀wé kúrò, á to ìpolówó yí i ká, ó sì lè tẹ̀ ẹ́ jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ohun tó wà lórí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ kì í fi í bára mu: ìtọ́jú ajá lókè, owó yíyá láàárín, bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀, “Admin” ló sì kọ gbogbo rẹ̀. Èyí tó ohun tí à á fura sí, àmọ́ kò tíì di ẹ̀rí.

Inú gbólóhùn ni ẹ̀rí wà. A ó mú gbólóhùn kan láti àárín àpilẹ̀kọ, bí ọ̀rọ̀ mẹ́jọ sí méjìlá, a ó fi àmì àyọlò sí i níwájú àti lẹ́yìn, a ó sì wá a lórí Google. Àmì yẹn ló ń sọ pé bí ọ̀rọ̀ ṣe tò gan-an la fẹ́. Àkọlé kò dára fún èyí, torí òun ni olè kọ́kọ́ ń yí padà. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ náà kò dára, torí ẹni tó ń tọ́ka sí iṣẹ́ náà lọ́nà ẹ̀tọ́ sábà máa ń yọ ọ́ lò. Gbólóhùn tó ní iye tàbí àṣìṣe ìkọ̀wé nínú ló dára jù: ẹni méjì lè sọ òótọ́ kan náà, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí wọ́n ṣi lẹ́tà kan náà kọ níbì kan náà.

Àwọn mìíràn máa ń fi ẹ̀rọ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kí wíwá gbólóhùn má bàa mú wọn. Ẹ̀rọ yìí kò mọ ohun tó ń kà, ó sì máa ń ba orúkọ nǹkan jẹ́: nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ó ti sọ “artificial intelligence” di “counterfeit consciousness” rí. Bí ọ̀rọ̀ bá tilẹ̀ yí, bí àpẹẹrẹ ṣe tẹ̀ léra wọn kì í sábà yí. A tún lè tẹ Ctrl+U láti rí kóòdù ojú ìwé náà, ká wá orúkọ ìkànnì àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Líǹkì àti àdírẹ́sì àwòrán tí wọ́n gbàgbé láti yọ sábà máa ń wà níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀dà ni olè o. Ilé iṣẹ́ bíi Reuters ń ta ìròyìn fún ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn, àwọn òǹkọ̀wé kan sì ń lo ìwé àṣẹ Creative Commons, tó ń jẹ́ kí ẹlòmíràn lè pín iṣẹ́ wọn lábẹ́ àdéhùn. Ká wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé bóyá irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀ kí a tó pariwo.

Ta ló wá ṣáájú? Ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ojú ìwé kò ṣeé gbára lé, torí ẹni tó ni ìkànnì lè kọ ọjọ́ tó wù ú. Wayback Machine, ibi tí Internet Archive ń tọ́jú ẹ̀dà ojú ìwé àtijọ́ sí, ló sàn jù, torí ó ń fi ọjọ́ tó ya ẹ̀dà ojú ìwé kọ̀ọ̀kan hàn. Kì í ṣe ọjọ́ tí iṣẹ́ náà jáde nìyẹn. Ó kàn jẹ́rìí pé ó ti wà nígbà yẹn.

Ká tọ́jú ẹ̀dà ojú ìwé olè náà kí a tó kọ̀wé sí i, torí ó lè pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà ni a ó wá ilé iṣẹ́ tó gba ìkànnì rẹ̀ sórí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé orí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, DMCA, òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1998 lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, la ó fi kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò: a ó kọ àdírẹ́sì ojú ìwé méjèèjì sínú rẹ̀, a ó sì fọwọ́ sí i.