Oko Tí A Pa Tì: Bí Ara Òṣìṣẹ́ Ṣe Ń Padà Sípò

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń kó àárẹ̀ ọkàn bá òṣìṣẹ́ tó ti fi eré ìdárayá sílẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì: "Ṣé ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni mo tún fẹ́ lọ ni?" Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Òṣòdì tán ni. Kò tíì dé òkè tí àyà rẹ̀ fi ń lù kìkì, tí itan rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì gbà lójú ẹsẹ̀ pé gbogbo ohun tí òun kó jọ nígbà tí òun ń sáré láràárọ̀ Sátidé ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Irọ́ gbáà ni. Ara kì í padà sí òdo. Àyà tó ń lù yẹn àti itan tó ń gbọ̀n yẹn, ọ̀tọ̀ ni ohun tó fa kálukú wọn, ọ̀tọ̀ sì ni ìgbà tí kálukú wọn máa gbà kó tó bọ̀ sípò.

Ọ̀rọ̀ oko ló lè mú un yéni jù. Ẹni tó kọ́kọ́ wọ igbó kìjikìji láti dáko yóò gé igi, yóò hú kùkùté, yóò yọ gbòǹgbò, yóò kó òkúta, kó tó rí ilẹ̀ kọ ebè sí. Bó bá wá pa oko náà tì fún ọdún méjì, igbó á kún bò ó, ẹni tó ń kọjá lọ lójú ọ̀nà á sì rò pé kò sẹ́ni tó fi ọkọ́ kan ibẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kí olóko mú àdá, kó wọ ibẹ̀. Koríko àti igi wẹ́wẹ́ ni yóò bá pàdé, kì í ṣe ìrókò. Kùkùté tó ti hú kò tún sí níbẹ̀. Ojú ebè àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ ewé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kàn án. Ìwọ̀nba ọjọ́ ni yóò fi ṣe ohun tó jẹ ẹ́ ní oṣù nígbà àkọ́kọ́.

Nínú iṣan ara wa, kùkùté tí a ti hú yẹn ṣeé fojú rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú irú sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ara ló ní kókó kan ṣoṣo, níbi tí àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ ti ń wá. Sẹ́ẹ̀lì iṣan kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gùn bí òwú, kókó kan kò lè ṣàkóso rẹ̀ látòkè délẹ̀, nítorí náà ọgọ́rọ̀ọ̀rún kókó ló tò sí i lára, kálukú ń bójú tó àgbègbè tirẹ̀. Bí a bá gbé ohun tó wúwo ju èyí tó ti mọ́ iṣan lára lọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú yìí á jí. Wọ́n á di púpọ̀, àwọn kan nínú wọn á wọnú òwú náà, wọ́n á sì fi kókó tiwọn kún èyí tó ti wà níbẹ̀.

Ní ọdún 2010, Kristian Gundersen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Oslo, ní Nọ́wè, gbé iṣẹ́ tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lé iṣan ẹsẹ̀ èkúté lórí, wọ́n sì ń ka kókó bí ọjọ́ ti ń lọ. Láti ọjọ́ 6 ni kókó ti ń pọ̀ sí i. Ọjọ́ 9 ni iṣan náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 21, kókó ti fi ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Wọ́n wá já okùn tó ń gbé àṣẹ wá láti ọpọlọ sí iṣan náà, tó fi jẹ́ pé kò lè ṣiṣẹ́ kankan mọ́. Ọjọ́ 14 péré, iṣan ti joro. Wọ́n tún kókó kà: kò dín.

Ọgbọ́n tó wà nídìí ètò yìí jinlẹ̀. Iṣan ń jẹun, kódà bí olówó rẹ̀ bá ń sùn, kò sì sí ìdí tí ara yóò fi máa bọ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò lò. Ara á jẹ́ kó joro, ṣùgbọ́n kì í lé àwọn alábòójútó lọ. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá tún dé, kò sí pé à ń wá ẹni tí a máa gbà síṣẹ́. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí iye kókó tó ń dúró nínú iṣan ènìyàn àti bó ṣe ń pẹ́ tó, àmọ́ èso rẹ̀ hàn kedere. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 1991, àwọn obìnrin kan gbé irin fún ọ̀sẹ̀ 20, wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tó lé ní 30, wọ́n wá padà fún ọ̀sẹ̀ 6 péré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn tó láti dá wọn padà sí nǹkan bí ibi tí wọ́n dé nígbà àkọ́kọ́. Ní Yunifásítì Jyväskylä ní Finland, àbájáde ti ọdún 2024 tún fi hàn pé àwọn tó fi ọ̀sẹ̀ 10 sinmi láàárín ìgbà méjì tí wọ́n gbé irin kò kẹ́yìn àwọn tó gbé e láìdúró nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí.

Ti àyà tó ń lù kìkì wá ńkọ́? Ìyẹn kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin tí ènìyàn bá jókòó tẹ́tẹ́rẹ́, ara á dín omi inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde lẹ́ẹ̀kan á kéré, ọkàn á wá máa yára lù láti fi dí i. Ohun tó tètè lọ yìí náà ló ń tètè dé: láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ènìyàn bá padà sẹ́nu ìrìn kíkan tàbí eré sísá, omi yẹn á ti máa padà. (Àyà tó ń dunni yàtọ̀ sí àyà tó ń yára lù. Dókítà ni kí ẹni tí àyà ń dùn lọ rí.)

Ibi tí ewu wà nìyí, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kí ènìyàn fara balẹ̀ sí. Mímí padà, iṣan padà, ara yá gágá, ẹni náà wá ń sáré bí ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ṣùgbọ́n okùn líle tó so iṣan mọ́ egungun kò bá wọn rìn. Ẹ fọwọ́ kan èyí tó wà lókè gìgísẹ̀: ó le bí okùn tí wọ́n fi ń fa omi nínú kànga. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kò pọ̀. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ kan ní Copenhagen fi kábọ́ọ̀nù-14 tí ìdánwò bọ́ǹbù átọ́míìkì tú sínú afẹ́fẹ́ láàárín ọdún 1955 sí 1963 wádìí ọjọ́ orí okùn yìí. Ohun tí wọ́n bá ni pé àárín rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà mọ́ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 17 tí a ti bí ènìyàn. Okùn tí ẹni ọdún 45 fi ń sáré lónìí, òun náà ló fi rìn lọ kọ ìdánwò WAEC. Ohun tí kò ní pààrọ̀ nìyẹn. Èyí ló fi yẹ kí ẹni tó ń padà fi ẹsẹ̀ okùn rìn, kó má fi ẹsẹ̀ iṣan rìn: kó fi díẹ̀díẹ̀ kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kódà nígbà tí ara bá ń sọ pé òun lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ tó ń sọ pé "ara mi ò gba eré sísá mọ́", gìgísẹ̀ tàbí orúnkún ni wọn kò ní sùúrù fún.

Ní ti àkókò, òfin tó ń dẹ́rù ba òṣìṣẹ́ ti kúrò nílẹ̀. Títí di ọdún 2020, ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé eré ìdárayá tí kò bá tó ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀kan kò sí lára ìṣirò. Wọ́n yọ ìyẹn kúrò lọ́dún náà. Ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ní kí àgbàlagbà máa wá, bó ti wù kó já sí wẹ́wẹ́ tó. Ọdún 1953 ni Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ alájà méjì ní London, tó ń gun àtẹ̀gùn sókè sódò láti gba owó, kì í ní àrùn ọkàn tó àwọn dírẹ́bà tó jókòó sídìí ọkọ̀ kan náà. Afárá Òṣòdì yẹn náà wà lára ìṣirò.

Oúnjẹ ni wọ́n ti ń fi ẹ̀sùn kan òṣìṣẹ́ jù. Ẹni tó ń gbé Mówé, tó ń ṣiṣẹ́ ní Island, aago mẹ́rin àárọ̀ ló ń jí kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má bàa ká a mọ́. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló ń wọlé, tó sì ń jẹ èbà tó tó ti ẹni méjì, wọ́n á ní ọ̀kánjúwà ni. Ṣùgbọ́n ní Yunifásítì Chicago, ní ọdún 2004, wọ́n jẹ́ kí ọ̀dọ́kùnrin 12 sun wákàtí mẹ́rin péré ní òru méjì. Èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ pé "mo ti yó" fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀, èyí tó ń sọ pé "ebi ń pa mí" fi ìdá 28 gòkè. Ẹ̀jẹ̀ ará Mówé yẹn ló ń bẹ̀bẹ̀ fún èbà rẹ̀. Kí ó fi ìdajì wákàtí kún oorun rẹ̀ lè ṣe é láǹfààní ju kó fi ebi pa ara rẹ̀ lọ, bí ó bá sì ti jẹ mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀wà lọ́sàn-án, tí ó ti sè lọ́jọ́ Sátidé tó sì tò sínú fìríìsà, agbára tí ebi fi ń wọlé lálẹ́ kò ní tó ti ẹni tó fi ìpanu ojú ọ̀nà gbé gbogbo ọjọ́.

Iṣẹ́ yóò sì jẹ́ kí ènìyàn pa ọjọ́ jẹ. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tọpa ènìyàn 96 tó fẹ́ fi ohun kan kọ́ra. Ìṣirò wọn fi hàn pé ó ń gba nǹkan bí ọjọ́ 66 kí ènìyàn tó lè máa ṣe é láìtún rò ó; ó yá àwọn kan ní ọjọ́ 18, àwọn mìíràn lè tó ọjọ́ 254. Ẹni tó pa ọjọ́ kan jẹ kò pàdánù ohun tó ti kọ́. Ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé wọ́n so ohun tuntun náà mọ́ ohun tí wọn kì í ṣàìṣe lójúmọ́. Fún ará Mówé yẹn, bàtà iṣẹ́ tó ń bọ́ lẹ́nu ọ̀nà ni. Bó bá ti bọ́ ọ, kó lóṣòó kó sì dìde nígbà mẹ́wàá, kó fọwọ́ di ara ògiri mú bí orúnkún bá ń ṣe wọ̀kọ̀, kó tó fìdí kan àga. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, bí wọ́n bá sì mú iná lọ, ó ṣeé ṣe nínú òkùnkùn.